Aró Nínú Fọ́tò Ẹ̀gbọ́n

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló jọ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Àbúrò ló ń yà á, ẹ̀gbọ́n ló ń tún un ṣe. Bí àbúrò bá ti ya oníbàárà tán, á kó fọ́tò wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n á fa àga mọ́ra, á na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú wo kànga, iṣẹ́ tirẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Yàrá iwájú ni wọ́n ti ń ya fọ́tò: aṣọ funfun kan tí wọ́n ta mọ́ ògiri, àpótí ìjókòó kan, àti iná ńlá méjì tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ bíi lékeléke. Yàrá ẹ̀yìn ni ti ẹ̀gbọ́n. Ó ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé ibẹ̀, torí ó ní alágídí ni oòrùn, pé bó bá ti ráyè wọlé, á máa bá kọ̀ǹpútà jiyàn lórí ohun tó jẹ́ pupa àti ohun tí kì í ṣe pupa.

Ibi tó ṣókùnkùn jù nínú fọ́tò ló kọ́kọ́ máa ń wò. Bí òjìji bá bo àgbọ̀n ènìyàn tàbí ó fi ojú pamọ́ sábẹ́ fìlà, á fa ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó pọ̀ débi tí onítọ̀hún á fi dà bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lójú. Lẹ́yìn náà ló máa ń kan àwọ̀. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, tó ní kókó róbótó kan lórí. Bí ó bá fa kókó náà sósì, fọ́tò á máa lọ sí ọ̀nà aró, á tutù; bí ó bá fà á sọ́tùn-ún, á máa pọ́n lọ sí yẹ́lò, bíi ti oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ibi tí kókó yẹn yóò dúró sí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹlòmíràn á fà á síwá sẹ́yìn títí ojú rẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ń pè é ní Ojú Àwòdì. Bí ẹ bá gbé fọ́tò aṣọ kan náà méjì síwájú rẹ̀, á sọ èyí tí wọ́n yà láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n yà nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn obìnrin kan a sì máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn fi ìmọ́lẹ̀ kún ojú àwọn kí àwọn lè pupa díẹ̀. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn.

"Ìmọ́lẹ̀ ni mo lè fi kún un, aǹtí. Mi ò lè pààrọ̀ ìyá tó bí yín."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà. Bí wọ́n bá rí fọ́tò tán, tí wọ́n rí i pé àwọn dúdú, àwọn sì ń dán, kì í sí àríyànjiyàn mọ́.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ títí ẹ̀gbọ́n fi kọjá ẹni àádọ́ta ọdún dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá ìyàwó kan já wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé fọ́tò ìgbéyàwó lábíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ìwé náà sórí tábìlì.

"Ẹ wò ó. Ṣé òkú lẹ fi ọmọ mi ṣe ni? Ètè rẹ̀ rí bí ètè ẹni tó sun inú òtútù mọ́jú. Aṣọ funfun lọmọ mi wọ̀. Èyí tó wà níbí yìí, wọ́n rẹ ẹ́ láró ni."

Ẹ̀gbọ́n gbé ìwé náà lọ sábẹ́ iná. Aṣọ funfun ló rí, àti ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

"Ìyá, aṣọ yìí funfun."

"Lójú ta ni?"

"Lójú tèmi."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi aráyé."

Ló bá yọrí síta, ó pe alátùn-únṣe aago wọlé. Ọkùnrin náà kì í fẹ́ ìjà rárá. Ó wo fọ́tò, ó wo ìyá ìyàwó, ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wá ní, "Ó... ó tutù díẹ̀." Kíá ló padà sídìí aago rẹ̀.

Àbúrò bẹ ìyá náà, ó ní ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ló fẹ́ gba àtúnṣe. Wọ́n pààrọ̀ yíǹkì. Kò pẹ́ ni olórí ilé-ìwé kan tún wá, ó ní gbogbo eyín àwọn ọmọ òun ló dà bí eyín ẹni tó jẹ gègé ìkọ̀wé. Wọ́n pààrọ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n fura sí tán, bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà dórí gílóòbù. Ẹnikẹ́ni ò fura sí ojú tó ń wò ó.

Àbúrò ló kọ́kọ́ mọ̀. Fọ́tò kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́, aró sì ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀rọ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìyẹn. Ó rọra kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yìí ló dàgbà sí lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wí fún Ojú Àwòdì pé ojú rẹ̀ ti ń tàn án jẹ? Kò wí i. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹ̀gbọ́n bá ti lọ sílé jẹun ọ̀sán, á jókòó sórí àga rẹ̀, á ṣí fọ́tò tó ti ṣe tán, á fa kókó náà kúrò nínú aró padà sọ́tùn-ún, á sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fà á jù. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn oníbàárà ò ráhùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n sì gbà pé yíǹkì tuntun ló ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ̀rọ̀ ti tú. Ẹ̀gbọ́n lọ fárí, ó jókòó, wọ́n fi aṣọ bò ó lọ́rùn, ẹ̀rọ ti ń lọ lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí fọ́tò ńlá kan lára ògiri: onígbàjámọ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ó mọ fọ́tò náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wò yìí pọ́n rúsúrúsú, bíi pé wọ́n da epo lé gbogbo ìdílé náà lórí.

"Ta ló bá ọ ṣe fọ́tò yìí?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, ọ̀gá!" Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò yìn ín. Wọ́n ní bí a ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó dìde. Onígbàjámọ̀ ń pariwo pé ó ku ìdajì, ó ku ìdajì, kò gbọ́. Bó ṣe gba ojú títì lọ nìyẹn, apá kan orí rẹ̀ ń dán, irun kún apá kejì. Alátùn-únṣe aago rí i tó ń bọ̀. Ó tẹrí ba, ó ń wá síkúrúù tí kò sọ nù.

"Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Àbúrò dìde lórí àpótí ìjókòó. Ó ní, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún?"

"Aró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Aró! Ìwọ tí mo dì lọ́wọ́ mú kí o tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára kámẹ́rà! Ìwọ lo wá mọ aró!"

Ẹ̀gbọ́n já wáyà kọ̀ǹpútà, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ jí gbé, ó sì gbé e lọ sílé.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá àlejò wọn ló ti ń ránṣọ, níwájú fèrèsé. Ó gbójú sókè nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Bàálé mi, ta ló fá yín lórí dé ààbọ̀?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyàwó gbọ́ ọ dé òpin, ó sọ pé ìjà ọmọ ìyá kì í pẹ́ kó tó tán, ó sì mú sísọ́ọ̀sì, ó bá a gé apá tó kù kó má baà ṣe ẹlẹ́yà ládùúgbò. Kò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n wá di ará ilé. Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò tuntun láti ṣe. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ di ẹrù, ó ń bá a ṣa bọ́tìnì. Ìyàwó ní kó bá òun mú òwú dúdú wá, ó mú aró wá. Ìyẹn rò pé ọkàn rẹ̀ ò sí nílé ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ó bá a to aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún oníbàárà méjì. Funfun lọ̀kan, àwọ̀ bọ́tà nìkejì. Nígbà tí ìyàwó fẹ́ rán wọn, ó rí i pé apá aṣọ funfun wà lọ́dọ̀ èyí tó jẹ́ àwọ̀ bọ́tà. Ó wò ó títí. Ó tú wọn ká, ó tún wọn tò.

Lọ́jọ́ kejì, ó to ègé aṣọ bíi mélòó kan sórí tábìlì níwájú fèrèsé.

"Bàálé mi, ẹ bá mi tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Èyí tó funfun jù ni kó ṣaájú."

Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ jókòó. Wéré ló tò wọ́n. Ìyàwó wo iṣẹ́ náà, ó fa àga, ó jókòó.

"Kí ló dé?"

"Èyí tí ẹ fi ṣaájú, yẹ́lò ni."

"Yẹ́lò kẹ̀?"

"Kì í ṣe yẹ́lò tó le. Àwọ̀ bọ́tà. Èyí tó funfun nìyí, òun lẹ fi sẹ́yìn."

Ọkùnrin náà mú aṣọ méjèèjì, ó lọ sí fèrèsé. Ó jáde síta nínú oòrùn, ó dúró lójú ọ̀nà, ó nà wọ́n sókè, ó sún mọ́ wọn, ó jìnnà sí wọn. Nígbà tó wọlé, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Àná."

"O ò sì sọ."

"Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún àwòdì pé kò ríran, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ méjèèjì, ó gbé wọn kalẹ̀, ó sì béèrè ibi tí àwọn oníṣègùn ojú wà.

Ọmọbìnrin ni dókítà ojú náà, kò ju ọmọ tí ẹ̀gbọ́n lè bí lọ. Ó tan iná tínńrín sí i lójú ọ̀tún, ó tàn án sí tòsì, ó pa á, ó jókòó.

"Bàbá, dígí kékeré kan wà nínú ẹyinjú ènìyàn. Ọjọ́ orí máa ń mú un ṣú. Bíi gíláàsì fìtílà tí èéfín mú. Tiyín ti pọ́n gan-an. Ohunkóhun tí ẹ bá ń wò, ó ti gba inú yẹ́lò kọjá kó tó yé yín."

Ẹlòmíràn ì bá béèrè bóyá òun máa fọ́jú. Ẹ̀gbọ́n ń ṣírò nínú ara rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé yẹ́lò ti wà lójú mi," ó ní, "kí fọ́tò tó lè funfun lójú mi, aró ni mo gbọ́dọ̀ dà sí i."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Àbúrò mi ò purọ́ nígbà náà."

"Mi ò mọ àbúrò yín, bàbá. Ojú yín ló ń purọ́ fún yín. Ó sì ṣeé tún ṣe."

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Wọ́n yọ dígí tó pọ́n, wọ́n fi tuntun sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí bàǹdéèjì, fèrèsé ló kọ́kọ́ rí, àti ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn. Kò rántí pé ojú ọ̀run le tó bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ bo ojú tuntun, yàrá náà di àwọ̀ tíì. Ó bo ti àtijọ́, yàrá náà mọ́ gbòò. Ó ṣe é lọ, ó ṣe é bọ̀, bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré. Ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

"Aṣọ wo lo wọ̀ yìí?"

"Aṣọ tí mo máa ń wọ̀ ni."

"Mo rò pé àwọ̀ ilẹ̀ ni."

"Elésè àlùkò ni, láti ọjọ́ tí mo ti rán an."

Ó wò ó dáadáa, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Irun rẹ ti funfun o."

"Nọ́ọ̀sì!" ìyàwó rẹ̀ ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ojú yẹn padà."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi gbé kọ̀ǹpútà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò dìde nígbà tó rí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀gbọ́n ní kó dìde. Ó jókòó sórí àga, ó ṣí fọ́tò ìgbéyàwó tó dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́sí, ó sì wò ó dáadáa. Aṣọ ìyàwó, eyín ọkọ, òdòdó, àti ọwọ́ ìyá ìyàwó pàápàá, gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n yà nísàlẹ̀ odò.

"Ìyá ìyàwó yẹn gbìyànjú," ó ní, "tí kò fi ju ìwé fọ́tò rẹ̀ lù mí."

Lẹ́yìn náà ló ní kí àbúrò ṣí àwọn tó ń tún ṣe ní kọ̀rọ̀. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí dáa. Èyí náà dáa. Ibí yìí, o fà á jù. Èyí... èmi gan-an ì bá má ṣe ju báyìí lọ." Àbúrò dúró lẹ́yìn àga, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Mo bínú sí ọ láìnídìí," ni ẹ̀gbọ́n wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Èmi náà ì bá ti sọ ọ́ fún yín. Ojú yín ló ń tì mí."

"Ìwọ ì bá ti sọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àwọn fọ́tò tó jáde kí àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ló wá kù, wọ́n wà lára ògiri ilé àwọn oníbàárà káàkiri. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò lè fọkàn balẹ̀ sùn nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀, ó sì ń gbé wọn lọ sílé fún àwọn tó ni wọ́n. Ìyá ìyàwó ọjọ́sí gba tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó, ó ní, "Ọmọ mi jí," ó sì pè é wọlé kó wá mu omi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ opó kan. Ọkọ opó náà kú kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò náà sì wà nínú férémù ńlá ní yàrá àlejò, àwọ̀ ojú rẹ̀ bí àwọ̀ eérú. Ẹ̀gbọ́n fa tuntun yọ: ọkùnrin adúmáadán kan, tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Obìnrin náà dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bó ṣe rí nìyí," ó ní. "Bó ṣe rí gan-an nìyí. Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ti nawọ́ sí férémù ara ògiri láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Àṣìṣe ni, ìyá. Àṣìṣe tèmi ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn mi ò mọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó wà lára ògiri yìí ló ń kí láàárọ̀ kó tó lọ síléèwé. Bí ẹ bá gbé òmíràn síbẹ̀, á bi mí pé ta nìyí. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ dígí inú ojú ti wà lẹ́nu rẹ̀, àti ti aró, àti ti yẹ́lò. Ó wo ọkùnrin eléérú yẹn, ó rí gbogbo ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ó dùn ún dénú. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà kó fọ́tò tuntun sínú àpótí aṣọ rẹ̀, láàárín àwọn ìró, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé fọ́tò lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí àbúrò kéde fún àwọn oníbàárà pé ẹni tó bá fẹ́ àtúnṣe kó wá. Àwọn kan wá. Èyí tó pọ̀ jù ò wá.

Wọ́n ṣe ojú kejì fún un nígbà tó yá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní kíkún, ṣùgbọ́n ètò ti yí. Àbúrò ti mọ iṣẹ́ àwọ̀, kò sì ṣeé ṣe láti sọ fún un pé kó gbàgbé rẹ̀. Òun ló wá ń ṣe èyí tí wọ́n bá yà níta, nínú oòrùn. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe ti inú ilé àti àwọn fọ́tò àtijọ́ tó ti ṣá. Wọ́n máa ń jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò ọmọdébìnrin kan tó dé fìlà pupa ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní pupa fìlà náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀, pé ó ń jẹ ojú ọmọ náà mọ́lẹ̀. Àbúrò ní pupa tí òun fojú ara òun rí níta nìyẹn. Wọ́n fà á títí, ni wọ́n bá tẹ méjèèjì. Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé, wọ́n tẹ́ wọn síwájú rẹ̀ láìsọ ẹni tó ni èwo. Obìnrin náà kò ronú. Tàbúrò ló mú.

Ẹ̀gbọ́n bá a fi páálí wé e, ó so okùn mọ́ ọn, ó sì bá a gbé e dé ojú títì.